Àpòòwé Karùn-ún

Olè tó wọ ọ́fíìsì Màdáàmù Agnes ní Bàrúwà níwà ọmọlúàbí ju ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ó gé àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó mú àpòòwé kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ, ó fi méje yòókù sílẹ̀ bó ṣe bá wọn, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà dé kó tó máa lọ. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kò wo fáànù tuntun tó wà lórí tábìlì rárá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, inú sì ti ń bí mi, nítorí mi ò tíì jẹun, àti nítorí pé wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n fẹ́ mú kí n tó débẹ̀.

Èmi ni Zulaihat Ọláoyè, ìnísípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣèwádìí ní Alimọ́ṣọ́. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ẹjọ́ ti parí kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ara mi kì í gbà á.

"Ìnísípẹ́kítọ̀, kí lẹ tún ń wò?" Màdáàmù Agnes bi mí. Òun ló ni ilé-ìwé náà, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè ní Mọ́mì. "Ẹ ṣáà ti mú un. Ìwé Ṣeunfúnmi nìkan ló lọ. Ta ló tún máa jí sátífíkéètì Ṣeunfúnmi bí kò bá ṣe Ṣeunfúnmi?"

"Kí ni sátífíkéètì rẹ̀ ń ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, mà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi léèrè ohun tí omi ń ṣe nínú kànga.

"Gbogbo ilé-ìwé aládàáni ló ń ṣe é. Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kó ojúlówó sátífíkéètì rẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn sá lọ láàárín sáà, ọmọ ọlọ́mọ á wà láìní olùkọ́. Mi ò gba tẹnikẹ́ni o. Mo kàn dì í mú ni."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Ó rí i pé mò ń kọ̀wé, ó sì rò pé mò ń yin òun, ló bá fà mí sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ wo bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Àpòòwé kan náà, àwọ̀ kan náà. Mi ò kọ orúkọ sí i. Nọ́ńbà nìkan ni, màá wá fi sẹ́lótéèpù dí ẹnu ẹ̀. Ìwé tí mo kọ orúkọ wọn sí, inú báàgì mi ló ń gbé. Kò sí olùkọ́ kankan tó mọ nọ́ńbà ara ẹ̀!"

Àpòòwé méje ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo ẹnu wọn ṣì wà ní dídí. Ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ̀fà sí mẹ́jọ. Karùn-ún ni kò sí. Mo mi orí. Kí n má parọ́, mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti búrẹ́dì tí mi ò rí jẹ ló gba ọkàn mi. Ó ná mi ní ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ní ẹnu géètì, mo bá Zikrullah tó ń ṣọ́ ilé-ìwé náà.

"Hájíà, mi ò lè parọ́," ó wí. "Àǹtí Ṣeun wá síbí ní Sátidé. Ọwọ́ òfo ni wọ́n gbé wọlé, láílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n gbé jáde."

"Ta ló tún wá?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àfi Mọ́mì, lánàá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn gbàgbé gíláàsì ojú àwọn."

"O ò sọ ìyẹn fún àwọn tó kọ́kọ́ dé?"

"Àh, Hájíà. Ẹni tó nilé kì í jalè nínú ilé ara ẹ̀, àbí?"

Mo gbà fún un. Láílọ́ọ̀nù dúdú ni mo gbájú mọ́.

*

Ní àgọ́ wa, Ṣeunfúnmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà. Ọmọ Èkìtì ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, olùkọ́ kíláàsì kẹrin. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni màá bá lójú rẹ̀, ìbínú ni mo bá.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kúnlẹ̀ fún Mọ́mì nítorí ìwé yẹn," ó wí. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń yẹ ìwé àwa tí ìjọba fẹ́ gbà síṣẹ́ olùkọ́ wò ní Ìkẹjà. Ojúlówó ni wọ́n ní ká mú wá. Ẹni tí kò bá mú un wá, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n á pè. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lé iṣẹ́ yìí, mà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní mo ti dàgbà jù."

"Ìdí nìyẹn tí o fi lọ gé àgádágodo."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo mú un, ṣé ilé-ìwé lẹ máa bá mi láàárọ̀ yìí, tí mò ń to ọmọ sórí ìlà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

"Kí ló wà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú tó o gbé jáde ní Sátidé?"

Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ilẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ò lè sọ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Tí ènìyàn bá wà ní àtìmọ́lé, tó tún ń ti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́nú, kí ni kí n fi gbà á sílẹ̀?

"Ṣeunfúnmi, ó yá, máa dákẹ́. Tó bá di aago mẹ́wàá ọ̀la, wọ́n á pe orúkọ rẹ, ẹ̀yìn káńtà yìí lo ti máa dáhùn."

Ìgbà yẹn ló tó sọ̀rọ̀. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ló wà nínú láílọ́ọ̀nù. Ó máa ń lọ kọ́ ọmọ méjì ní lẹ́sìn nílé wọn ní Ìṣẹrí-Olófin ní ọ̀sán Sátidé, Màdáàmù Agnes sì ti kìlọ̀ pé olùkọ́ tó bá kọ́ ọmọ ilé-ìwé òun ní lẹ́sìn nílé, òun máa lé e. Mo pe ìyá àwọn ọmọ náà. Ó ní òótọ́ ni, Àǹtí Ṣeun dé ní aago kan, kò lọ títí di aago márùn-ún. Ìwé ìṣirò ṣì wà lórí tábìlì òun.

Bí láílọ́ọ̀nù dúdú ṣe dòfo mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀sán ti pọ́n, mi ò sì tíì mọ nǹkan kan.

Ọ̀gá wa, DPO, pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. "Ọláoyè, kí lo ń wá kiri? Màdáàmù Agnes wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, ká gbé ọmọbìnrin yẹn lọ kóòtù."

"Sà, ìwé náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. A ti tú ilé rẹ̀."

"Ó ti gbé e pamọ́. Òfin fún wa ní ọjọ́ kan láti fi tì í mọ́lé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló pé. Lo ọjọ́ rẹ."

*

Lọ́yà Gbóyèga dé ní aago méjì, ó làágùn bí ẹni tó rìn láti Ẹgbẹ́dá. Ìjọ kan náà lòun àti Ṣeunfúnmi ń lọ, òun ló sì bá a kọ lẹ́tà kan sí Màdáàmù Agnes. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ hàn mí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: èmi ni mo ni sátífíkéètì yìí, mo fẹ́ ẹ padà, mo fún yín ní ọjọ́ méje.

"Lọ́yà, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì kẹrin," mo wí. "Obìnrin yẹn ní òun ò gbà á, òun kàn dì í mú ni. Ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lójú òfin?"

"Ó wà. Olè mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Ilé-ẹjọ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá, agbára wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó di ohun olóhun mú, olóhun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Gbígbà tó gbà á kò burú. Àìdá a padà nígbà tí olóhun béèrè, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà."

"Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kúnlẹ̀."

"Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè, Ìnísípẹ́kítọ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Tá a bá dé kóòtù, wọ́n á ní Mọ́mì ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fẹ́ ohun mi, kó dá ọjọ́. Tí ọjọ́ bá pé tí wọn ò fi sílẹ̀, a ti ní ẹjọ́ lọ́wọ́."

"Ìgbà wo ni ọjọ́ méje yìí pé?"

"Òní."

Mo gbé bírò mi sílẹ̀.

"Tí olè bá wá jí nǹkan náà lánàá ńkọ́? Kí ọjọ́ tó pé?"

Gbóyèga wò mí, ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹni tí nǹkan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, kí la máa ní kó dá padà? À á máa fà á fún ọdún mélòó kan."

Olè náà mọ òfin, ó sì mọ kàlẹ́ńdà. Mo dìde, mo lọ bá Ṣeunfúnmi níbi tó jókòó sí.

"Nọ́ńbà mélòó ni tìẹ?"

"Nọ́ńbà kí ni, mà?"

Mo lu iwájú orí ara mi. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Màdáàmù Agnes ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, èmi ni mi ò gbọ́. Àpòòwé mẹ́jọ tó jọra, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí. Tó bá jẹ́ Ṣeunfúnmi ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ì bá já wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi kan tirẹ̀. Zikrullah gan-an ì bá já wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá mú karùn-ún kò já èyíkéyìí. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní ìwé orúkọ nínú báàgì rẹ̀. Ẹni yẹn ló gbàgbé gíláàsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

*

Mo padà sí Bàrúwà, mo to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Màdáàmù Agnes ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà tí mo dé orí sẹ́lótéèpù. Ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un.

"Níbo ni sátífíkéètì yẹn wà, mà?"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́ títí lọ́yà mi á fi dé."

"Ìgbà wo ni lọ́yà yín máa dé?"

"Wọ́n rìnrìn àjò. Ó di Tọ́sìdeè."

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti dákẹ́, òfin fún un. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó wù mí kí n gbọn báàgì yẹn dànù. Mo ti mọ olè, mi ò mọ ibi tí ẹrù wà, ẹni tí kò jalè ṣì wà lẹ́yìn káńtà. Irú ìmọ̀ wo nìyẹn?

Mo padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí nǹkan míì láti wò, mo wá ń wo àwọn àpòòwé náà bí ẹni tó ń wo àwòrán ìgbéyàwó. Sẹ́lótéèpù mẹ́fà ti gbó, wọ́n ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ti nọ́ńbà kẹta funfun kedere, abẹ́ rẹ̀ sì ni èyí tó ti gbó wà. Ẹnì kan ti ṣí i, ó ti tún un dí láìpẹ́ yìí. Mo gé e níṣojú Màdáàmù Agnes. Sátífíkéètì Olúwakáyọ̀dé ló wà nínú rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, òun nìkan ló ní ìwé yunifásítì nínú gbogbo wọn.

Wọ́n pè é wá láti kíláàsì, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o gba ìwé rẹ láìpẹ́ yìí?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀rù gan-an ń bà mí láti béèrè."

"Ẹnì kankan ha béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ nípa rẹ̀?"

Ó ronú. "Ọkùnrin kan pè mí lóṣù tó kọjá. Ó ní láti ọ́fíìsì ìjọba lòun ti ń pè, pé ṣé lóòótọ́ ni mò ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀gùn. Mo rò pé àwọn Yahoo ni, mo gé e mọ́ ọn lẹ́nu."

Mo yíjú sí Màdáàmù Agnes. Ọwọ́ rẹ̀ le lára báàgì náà.

Zikrullah ló sọ èyí tó kù fún mi ní géètì, láìmọ̀ pé òun ń sọ nǹkan. Àbúrò Mọ́mì, Lucy, ló ṣí ilé-ìwé tuntun ní Ìjẹ̀gùn. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i fún un, nítorí kò ní àwọn olùkọ́ tó kàwé tó. Ìgbà yẹn ló yé mi: ìwé Olúwakáyọ̀dé ni wọ́n kọ́kọ́ yá a, kí wọ́n tó mú ti Ṣeunfúnmi.

*

Aago méje àárọ̀ Túsìdeè, ọ̀kadà gbé mi gba inú ẹrẹ̀ dé ilé-ìwé Lucy. Mi ò wá ìwé náà rárá. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì, nínú férémù aláwọ̀ góòlù, orúkọ Ṣeunfúnmi sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n ti tẹ káàdì kékeré kan sábẹ́ rẹ̀: Ọ̀gá Olùkọ́.

Lucy bú sẹ́kún kí n tó béèrè nǹkan kan. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n gbé e kọ́, mà. Àwọn tó ń yẹ ilé-ìwé wò wá lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn tún ń bọ̀ lọ́la láti rí ọ̀gá olùkọ́. Tó bá di Tọ́sìdeè, à bá ti dá a padà. Ọjọ́ méjì péré ló kù! Ẹ̀gbọ́n mi ní tọ́mọ yẹn bá lè ní sùúrù..."

"Ọmọ yẹn sun orí bẹ́ǹṣì ọlọ́pàá mọ́jú," mo wí. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Ìwọ fi orúkọ rẹ̀ ṣe ọ̀gá olùkọ́ níhìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ fi orúkọ rẹ̀ ṣe olè ní Bàrúwà."

Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Mo yọ férémù náà lára ògiri, mo gbá a mọ́ àyà lórí ọ̀kadà.

Ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá lórí aago mẹ́jọ nígbà tí mo dé àgọ́. Ọ̀gá wa ka ọ̀rọ̀ Lucy lẹ́ẹ̀mejì, ó tutọ́ gba ojú fèrèsé.

"Ó dáa. Tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Kí wọ́n lọ mú Màdáàmù Agnes wá. Ti ìwé ẹ̀ yìí, ẹ̀rí ni. Tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí di ọjọ́ kóòtù."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Sà, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ ìwé yìí wò."

"Ọláoyè, ẹ̀rí kì í kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ṣé o fẹ́ kí lọ́yà Màdáàmù fi ìyẹn gbá wa lójú?"

Ó tọ̀nà. Ohun tó tún bí mi nínú nìyẹn, pé ó tọ̀nà.

"Kò ní kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, sà," mo wí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àgọ́ pé èmi, Zulaihat Ọláoyè, ló gbé ẹ̀rí jáde fún ìwádìí. Mo pe Ṣeunfúnmi. A wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà.

Lójú ọ̀nà, ó yá bírò mi, ó ń kọ nǹkan sórí ìwé pélébé kan lórí itan rẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù nígbà tá a wọlé. Èmi ni mo di férémù náà mú níwájú tábìlì, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi. Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ wò mí, ó wo férémù, ó wo Ṣeunfúnmi.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ṣọ́ yín rèé ni?"

"Ẹ yẹ ìwé wò, jàre," mo wí.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi orúkọ wé orúkọ, ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ó sì fi bírò aláwọ̀ ewé fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ṣeunfúnmi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ṣeunfúnmi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò kan, ó nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ."

Mo ti fẹ́ na férémù náà sí i. Ọwọ́ mi kò lọ. Mo rántí ọ̀gá wa, mo rántí lọ́yà tó ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè, mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

"Ṣeunfúnmi, ní sùúrù. Kì í ṣe pé mo gbà á o. Mo kàn dì í mú ni, títí di ọjọ́ kóòtù."

Ojú tì mí kí n tó sọ ọ́ tán. Gbólóhùn yẹn wà nínú ìwé ìwádìí mi, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Kò bínú. Kò sì kúnlẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé tó ń kọ lójú ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ìkọ̀wé olùkọ́ ni, ó tò, ó mọ́. *Sí Ìnísípẹ́kítọ̀ Ọláoyè. Èmi ni mo ni sátífíkéètì yìí. Mo fẹ́ ẹ padà. Mo fún yín ní ọjọ́ méje.*

"Lọ́yà Gbóyèga ní ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè, mà," ó wí.

Mo yá bírò mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ìwé náà lé ẹ̀yìn férémù, mo bu ọwọ́ lù ú pé mo rí i gbà, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i. Mo mọ̀ pé yóò máa ka ọjọ́ náà.